Ohun Tó Bá Ń Rìn Kò Lè Sá Pamọ́: Ẹ̀rọ Tí Ń Ka Aràn Inú Ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn nǹkan kan wà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọn mìíràn wà tí a lè fi awò rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń sáré síhìn-ín sáré sọ́hùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo kò lè jókòó kà wọ́n tán. Lórí irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ní ẹbí lábúlé, àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀mí ènìyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹni tó bá dàgbà ní abúlé etí odò ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàì mọ àìsàn tí à ń pè ní ìnárun. Kòkòrò dúdú kékeré kan, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sí ibi tí omi odò ti ń ṣàn wàràwàrà, ni í gbé e kiri. Bí ó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ọmọ aràn láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ara a máa yún ẹni tó ní i tọ̀sán tòru, awọ rẹ̀ a hunjọ bí awọ alángbá, kókó a so sí i lára. Bí ó bá sì pẹ́ títí, ojú rẹ̀ lè fọ́ pátápátá. Mélòó ni àgbà tí a ti rí tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ fà bọ̀, tó sì jẹ́ pé oko etí odò ni ó ti kó o!

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, oògùn rẹ̀ ti jáde. Ivermectin ni orúkọ rẹ̀, Mectizan sì ni àwọn tí ń pín in ní abúlé máa ń pè é. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti Amẹ́ríkà ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi í tọrẹ láìgba kọ́bọ̀, títí di ọjọ́ tí a kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2015, William Campbell àti Satoshi Omura, àwọn tí a ti ọwọ́ wọn rí oògùn náà, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń lò ó. Igi gígùn kan ni wọ́n fi ń wọn ìdúró ènìyàn láti mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ni ó kọ́kọ́ lé àìsàn náà kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà.

ARÀN KEJÌ TÓ WÀ LẸ́YÌN

Bí oògùn yìí ṣe dára tó, ọ̀tá kan wà tó ba dè é. Aràn mìíràn wà nínú igbó kìjikìji, láti ilẹ̀ wa níhìn-ín dé Kamẹrúùnù, dé Gabon àti Kóńgò. Loa loa ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Aràn ojú ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu, nítorí pé àgbà rẹ̀ a máa fà kọjá lórí funfun ẹyinjú, tí olúwarẹ̀ yóò sì máa wò ó nínú dígí bí ó ti ń lọ. Eṣinṣin ńlá inú igbó, tí ń buni jẹ ní ọ̀sán gangan, ni í gbé e kiri.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní aràn yìí lára tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ibi tí ewu wà nìyí: ọmọ aràn náà tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ ju 30,000 lọ nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Mílílítà márùn-ún ni yóò kún ṣíbí tíì kan, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ti pọ̀ tó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé ivermectin mì, àwọn ọmọ aràn náà a kú lójijì, ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́ẹ̀kan náà, ìdààmú a sì bá ọpọlọ olúwarẹ̀. Ó lè dákú lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó sì lè kú.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Okola, tí kò jìnnà sí Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ní ọdún 1999. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn ìnárun fún àwọn ará ibẹ̀, ìpalára ńlá bá àwọn kan, ó sì di dandan kí wọ́n dá ìpín náà dúró. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ti wọ inú àwọn ènìyàn. Ẹni tí oògùn náà ìbá wò sàn kò rí i lò mọ́, nítorí ẹni díẹ̀ tí ó lè pa.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Níhìn-ín ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúshì tí mo ń gbé, onílẹ̀ wà, àlejò sì pọ̀. Kò sí apá ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti rí ẹni tó wá ṣòwò. Ìyá kan tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi lábúlé ti búra pé òun kò ní gbé oògùn ọ̀fẹ́ mì láéláé. Ó ní ó ń pa ènìyàn."

Mo ní, "Mọ̀mí, ẹni tó ń wò sàn pọ̀ jìnnà ju ẹni tó ń ṣe ní ibi lọ."

Ó wò mí, ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò wò sàn, àti ẹni tí yóò ṣe ní ibi, kí wọ́n tó pín in?"

Ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni. Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ jókòó tì fún ọdún púpọ̀.

KÍKÀ NI ÌṢÒRO

Kì í ṣe pé a kò lè mọ ẹni tí ọmọ aràn pọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ti wà tipẹ́. A ó gún ènìyàn ní ìka, a ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó pa á láró, a ó gbé e sábẹ́ awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá, èyí tí àwọn tíṣà ń pè ní máíkírósíkóópù. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò wá jókòó, yóò máa ka aràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà nílẹ̀, èyí dára. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá tò sí abẹ́ igi lábúlé, tí àwọn tí ń pín oògùn sì ní láti kọjá sí abúlé kejì lọ́la, ta ni yóò kà á tán? Ojú a rẹ̀, ọrùn a dun ni, ẹni tó ń kà á a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìkà.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọ aràn ojú kì í jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ìka nígbà gbogbo. Ọ̀sán ni í jáde, nígbà tí eṣinṣin tó ń gbé e ń jẹ̀. Nítorí náà, láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ náà. Àkókò kò sí láti ṣòfò.

KORÍKO TÓ Ń MÌ

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí ọdẹ bá wà nínú ìgbẹ́, tí òkété sì wà nínú koríko gíga, báwo ni ọdẹ ṣe ń mọ̀? Kò rí ìrù, kò rí orí. Koríko tó ń mì níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ ni ó ń wò. Ìrìn ẹran ni ó tú àṣírí ẹran.

Ọgbọ́n ọdẹ yìí náà ni àwọn onímọ̀ lò. Ọmọ aràn ojú gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara bí omi, nítorí náà kò rọrùn láti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má jà pìtìpìtì, bí ó sì ti ń jà ni ó ń ti àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa sọ́tùn-ún sósì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, Daniel Fletcher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, pẹ̀lú Thomas Nutman ti ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà àti Joseph Kamgno ti Yaoundé, tẹ ìròyìn ẹ̀rọ kan jáde tí ń ṣọ́ ìjà pìtìpìtì yìí. CellScope Loa ni wọ́n kọ́kọ́ pè é; LoaScope ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lẹ́yìn náà. Ènìyàn 33 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ní Kamẹrúùnù.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Fóònù alágbèéká ni wọ́n gbé lé orí àpótí oníke kékeré kan, tí awò àti iná wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò gún ènìyàn ní ìka, yóò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wọ inú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yóò kì í bọ inú àpótí, yóò sì fi ọwọ́ kan ojú fóònù. Ó parí. Kò sí pé à ń pa á láró, kò sí pé à ń dúró kó gbẹ. Àpótí náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa sún ọ̀pá dígí náà díẹ̀díẹ̀, tí fóònù yóò sì máa ya fídíò kúkúrú ní ojú ibi mélòó kan.

Nígbà náà ni ètò kọ̀ǹpútà inú fóònù yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ètò náà kò mọ bí aràn ṣe rí, kò sì wá ìrísí aràn rárá. Fídíò kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ọ̀pọ̀ fọ́tò tó ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá lọ. Ètò náà yóò gbé fọ́tò kejì lé orí èkíní, yóò sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ibi tí nǹkan kò ti yẹsẹ̀, kò ní ku ohunkóhun níbẹ̀. Ibi tí hóró ẹ̀jẹ̀ ti ń mì, àmì yóò kù níbẹ̀. Yóò ka àwọn ibi tó ń mì, yóò sì fi iye wọn ṣírò iye ọmọ aràn tó wà nínú mílílítà kan. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, èsì ti dé ojú fóònù. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

WỌ́N PADÀ SÍ OKOLA

Ìdánwò tó gbẹ́yìn ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ní ọdún 1999. Bẹ́ẹ̀ ni Kamgno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, láti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2015, ní agbègbè Okola kan náà. Ìlànà wọn kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ọmọ aràn ojú inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ju 20,000 lọ nínú mílílítà kan, kí ó má gba oògùn, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó gbà. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n fi ìgbà díẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kan 30,000, nítorí pé ẹni tó bá ń rìn létí kòtò kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ gan-an.

Ènìyàn 16,259 ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú wọn, 15,522 gba oògùn ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn 397 kò gbà á nítorí oyún tàbí àìsàn mìíràn. Ẹni 340 péré ni ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n dá dúró nítorí aràn ojú, èyí tí í ṣe bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ara ro àwọn kan díẹ̀, bí oògùn ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìpalára ńlá kan kò ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ ẹnìkan. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Nígbà tí mo ka iye wọ̀nyí fún ìyá aláṣọ yẹn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní, "Ẹni méjì yẹn ni ó jẹ́ kí méjìdínlọ́gọ́rùn-ún máa jìyà láti ọjọ́ yìí." Ó gbà á. Bí a bá mọ ẹni méjì náà, a gba ẹ̀mí wọn là, a sì dá oògùn padà fún àwọn tó kù. Iṣẹ́ tí ìṣọ́ ìrìn ṣe nìyẹn.

BÍ A TI Ń TẸ̀LÉ Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN

Kíka ohun tó ń mì jẹ́ iṣẹ́ kan. Títẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ó sì le jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi títì wa ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ẹnìkan dúró lórí ilé alájà mẹ́rin kan ní Ìkátẹ̀, tó kọjú sí márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tó ń ya fọ́tò ọ̀nà náà léraléra. Ó wá kó ọgọ́rùn-ún fọ́tò fún yín, ó ní kí ẹ fi yànnàná ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà, àti bí ó ṣe sáré tó. Iṣẹ́ méjì ni ẹ ó ṣe. Èkíní, ẹ ó fi ìka tọ́ka sí gbogbo ọkọ̀ tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Èkejì, ẹ ó so ọkọ̀ inú fọ́tò yìí pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú fọ́tò tó tẹ̀ lé e. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá wà, ìsopọ̀ náà rọrùn, nítorí pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò tíì kúrò lójú kan. Bí ọ̀nà bá dá, tí ó sì jẹ́ fọ́tò kan ṣoṣo ni ó ń yà ní ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan ti sá lọ sọ́nà Jákàńdè. Òmíràn tó jọ ọ́ ti gba ipò rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, tírélà yóò bo ọkọ̀ kékeré mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò kan tàbí méjì, kó tó tún yọ.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá abẹ́ awò ti rí gan-an nìyẹn. Àwọn ẹ̀dá náà jọra bí ìbejì, wọ́n ń kọjá lára wọn, wọ́n ń sá sábẹ́ ara wọn. Òmíràn tilẹ̀ wà tí yóò pín sí méjì lójú rẹ, bí ẹni pé ọkọ̀ kan di ọkọ̀ méjì lórí ìrìn. Ní ọdún 2008, Khuloud Jaqaman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ọ̀nà kan jáde tí ọ̀pọ̀ ń lò títí di òní. Ètò náà kì í dá ẹ̀dá kan rò. Ó ń ro gbogbo wọn pọ̀, ó sì ń wá ìsopọ̀ tí yóò mú kí àpapọ̀ ìrìn gbogbo wọn kéré jù lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá tún èyí tó já so, èyí tí tírélà bò.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọwọ́ ni a fi ń ṣe é. Jean Perrin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, jókòó ti awò rẹ̀ ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1908, ó ń fi àmì sí ibi tí egunrín kékeré inú omi wà ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó sì ń fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Ìlà wọ́gọwọ̀gọ wọ̀nyẹn wà lára ohun tó mú kí gbogbo ayé gbà pé òótọ́ ni pé hóró átọ̀ọ̀mù wà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1926. Ní àwọn ọdún 1950, David Rogers ti Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ya sinimá ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn hóró ẹ̀jẹ̀ funfun kan, bí ó ti ń lé kòkòrò àìfojúrí láàárín àwọn hóró pupa, tó ń yà bí ó bá yà, títí ó fi gbé e mì. Ẹni tó bá wo sinimá náà yóò rò pé ajá ń lé ehoro ni.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń wá ọmọ pẹ̀lú ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé àyẹ̀wò tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi kọ̀ǹpútà tẹ̀lé àtọ̀ ọkùnrin lábẹ́ awò, kí ó sì wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ sí. Nínú ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2021, èyí tó bá rin ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a kà sí ayára. Nítorí náà, kí ọkọ má ṣe máa ti ìyàwó nìkan síwájú lọ sí ọsibítù. Iye nìkan kọ́, ìrìn ń bẹ níbẹ̀.

FÚN Ẹ̀YIN TÍṢÀ

Ètò tí ń tẹ̀lé ìrìn báyìí kì í ṣe ohun tí olówó nìkan lè ní. Wayne Rasband, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ ImageJ, ètò wíwo àwòrán, ọ̀fẹ́ ló sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 1997. Àwọn onímọ̀ fi kún un títí ó fi di Fiji. Nínú Fiji ni TrackMate wà, èyí tí Jean-Yves Tinevez ti Institut Pasteur ní Paris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Bí ẹ bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín lẹ́ẹ̀kan, kò tún bèèrè dátà lọ́wọ́ yín mọ́ kó tó ṣiṣẹ́.

Èmi náà dán an wò nílé mi ní Ìkátẹ̀. Mo bu omi tó ti pẹ́ nínú ìkòkò òdòdó, mo kán ẹ̀kán kan sórí dígí, mo sì gbé e sábẹ́ awò ilé ẹ̀kọ́. Mo fi ojú fóònù ti ojú awò náà, mo fi okùn rọ́bà dè é kó má gbọ̀n, mo sì ya fídíò ìṣẹ́jú kan. Mo sọ fídíò náà di fọ́tò tó tẹ̀lé ara wọn, mo ṣí i nínú Fiji. TrackMate bèèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni ohun tí mò ń wá ṣe tóbi tó. Mo sọ fún un. Láìpẹ́, nọ́ńbà ti wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀dá omi náà, ìlà aláràbarà sì ń wọ́ tẹ̀lé wọn.

Mo kọ́kọ́ fún un ní fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti wo ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ẹ̀dá méjì kọjá lára ara wọn, ẹ̀rọ náà gbé nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ fún èkejì, ó sì ń bá a lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo fún un ní fọ́tò mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, olúkúlùkù di nọ́ńbà tirẹ̀ mú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún akẹ́kọ̀ọ́: kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju ohun tí a bá fi hàn án lọ. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ padà fi ojú ara rẹ̀ wo ìlà tó fà, kí ó tó gba iye tó kọ sílẹ̀ gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, omi ni kí ẹ lò ní kíláàsì, ẹ má ṣe gún ọmọ ọlọ́mọ ní ìka. Ilé àyẹ̀wò ni ìyẹn wà fún.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ọdún àti fún ìnáwó, ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ lè bá àwọn ará ilé sọ. Kí wọ́n má ṣe sá fún oògùn ìnárun nítorí àhesọ. Ṣùgbọ́n bí aràn bá ti fà kọjá lójú ẹnìkan rí, tàbí bí ara rẹ̀ bá máa ń wú sókè lójijì ní apá tàbí lọ́wọ́, tí yóò sì tún lọ fúnra rẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń pín oògùn kó tó gbé e mì, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sán. Doxycycline wà, oògùn mìíràn tí dókítà lè fún ẹni tí àìsàn méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀, nítorí pé kì í pa ọmọ aràn ojú lójijì.

Èkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ivermectin fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísí kó sì máa lò ó bí ẹni ń jẹ kóró. Ní ọdún 2020 àti 2021, nígbà àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé lò ó báyìí. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Ìjọba àti àwọn tí ń ṣètò oògùn náà ní iṣẹ́ tiwọn. Bí wọ́n bá ní kí ará abúlé gbé oògùn mì, kí wọ́n fi ohun tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lé e ní gbogbo ibi tí aràn ojú bá pọ̀ sí. Okola ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ẹnìkan kò lè fi ìbínú lé ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn wa; ṣùgbọ́n bí a bá gún ìka wọn, tí a ka ohun tó ń mì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lójú wọn, tí a sì sọ fún olúkúlùkù iye tirẹ̀, wọn yóò na ọwọ́ gba oògùn náà fúnra wọn.